Latunde Odeku

Emmanuel Latunde Odeku (29 oṣù Kẹfà ọdún 1927 – 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974) jẹ́ oníṣègùn, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, olùkọ́ yunifásítì àti akéwì ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ àmọ̀dájú nínú iṣẹ́-abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní ọdún 1962, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ hàn pé kókó inú ọpọlọ, yálà èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, wà láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà ju bí àwọn ìwé ìṣègùn ìgbà náà ti sọ lọ. Ó ṣiṣẹ́ ní àsìkò tí àwọn oníṣègùn ń tọ ipa iṣan ẹ̀jẹ̀ láti mọ ibi tí kókó fara pamọ́ sí nínú agbárí, nígbà tí ìdí tí kókó fi ń ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa.

Ìbí àti ẹ̀kọ́

A bí Odeku ní Awẹ́, ìlú kan tí kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́. Ó dàgbà ní Èkó, níbi tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Methodist Boys' High School. Ní ọdún 1945 ó yege nínú ìdánwò àbáwọlé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n. Ní àkókò yìí kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni a tó dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè dókítà kíkún ní láti sọdá òkun, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ.

Amẹ́ríkà ni Odeku gbà lọ ní tirẹ̀. Ó wọ Yunifásítì Howard ní ìlú Washington, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1867, tó sì jẹ́ pé òun ni ó tọ́ ọ̀pọ̀ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú dàgbà ní ìgbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kì í gbà wọ́n. Ní ọdún 1950 ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nípa ẹranko, pẹ̀lú ipò ọlá tó ga jù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ibẹ̀ kan náà, ó sì di dókítà ní ọdún 1954.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ

Lẹ́yìn tí ó di dókítà, Odeku ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor. Ó padà wá sí Èkó fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ní ilé-ìwòsàn ìjọba, kí ó tó tún gba Ann Arbor lọ ní ọdún 1956. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ lábẹ́ Edgar Kahn, tí í ṣe olórí ẹ̀ka náà. Iṣẹ́ yìí ṣì kéré ní gbogbo àgbáyé ní ìgbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó sì wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò ju ìwọ̀nba lọ.

Nígbà tí ó parí ní Michigan, ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ti àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ní Washington láti kọ́ bí a ṣe ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹran ọpọlọ wò. Webb Haymaker, ọ̀kan lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ ní ayé ìgbà náà, ni ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1961 ó yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ kejì yìí ṣe pàtàkì nínú ohun tí ó wá ṣe ní Ìbàdàn. Oníṣẹ́-abẹ tó yọ kókó kan lè mọ bí ó ti tóbi tó àti bí ó ti le tó. Ohun tí kókó náà jẹ́ gan-an, orúkọ rẹ̀, ibi tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ṣẹ̀ àti bóyá jẹjẹrẹ ni, abẹ́ awò ni a ti ń rí i. Odeku lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìyẹn ni pé ó lè yọ kókó kúrò, ó sì lè mọ orúkọ rẹ̀.

Ìpadàbọ̀ sí Ìbàdàn

Ní ọdún 1962 Odeku padà sílé, ó sì gba iṣẹ́ ní UCH. Ọdún márùn-ún péré ni ilé-ìwòsàn náà fi ṣiṣẹ́ ní ibùjókòó rẹ̀ tuntun nígbà náà. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní ọdún 1952. Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ kí a tó ṣí UCH ní 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, pẹ̀lú ibùsùn 500. Òrítamẹ́fà ni wọ́n kọ́ ọ sí, lójú ọ̀nà Queen Elizabeth, ní apá Ìbàdàn tuntun tó ń gbòòrò ní ọdún wọ̀nyẹn. Àdúgbò Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń kọ́ ilé sí fún àwọn òṣìṣẹ́, kò jìnnà sí i. Ọ̀nà kan náà ni ó lọ sí ẹnu-ọ̀nà yunifásítì ní Agbowó.

Kí Odeku tó dé, kò sí ẹni tó ń fi iṣẹ́-abẹ ọpọlọ nìkan ṣe iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kókó bá wà nínú ọpọlọ rẹ̀ ní láti rí owó rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun, tàbí kí àwọn oníṣẹ́-abẹ gbogbogbòò ṣe ohun tí wọ́n bá lè ṣe. Ẹ̀ka tí ó dá sílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn tó bá iṣẹ́ náà dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ ni Benjamin Osuntokun, oníṣègùn àrùn ọpọlọ àti iṣan ara, àti Adelola Adeloye, tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, tó sì tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ àrùn, George Edington ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn ní ọdún 1960, láti máa ka iye àwọn tí jẹjẹrẹ bá mú nínú ìlú. Ìwé yìí ni ó kọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní ìdáhùn gidi sí ìbéèrè nípa irú jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Bí a ṣe ń rí kókó inú ọpọlọ

Agbárí jẹ́ àpótí tí a ti dé pa. Bí kókó bá hù ní inú ikùn, ikùn lè wú, kí ọwọ́ sì bà á. Bí ó bá hù nínú agbárí, kò sí àyè tí yóò wú sí, ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀. Aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí fífọ́ tó ń le sí i, pàápàá ní òwúrọ̀, kí ó máa bì, kí ojú rẹ̀ máa ṣú, kí apá àti ẹsẹ̀ kan máa rọ. Ó sì lè jẹ́ wárápá ni yóò kọ́kọ́ mú àgbàlagbà tí kò ní i rí. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè wá láti ara àrùn mìíràn, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wo inú agbárí.

Ní gbogbo ọdún tí Odeku fi ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀rọ CT ní Nàìjíríà. Ọdún 1971 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn kan, ní ìlú Lọ́ńdọ̀n. Àwòrán X-ray lásán a sì máa fi eegun hàn, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í hàn nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ayé ìgbà náà ń gbà ni láti mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. Egas Moniz, oníṣègùn ọmọ Pọ́túgàl, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní Lisbon ní ọdún 1927, ọdún kan náà tí a bí Odeku. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa oògùn tí ìtànṣán X-ray kò lè là kọjá sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lọ́rùn, wọ́n á sì ya àwòrán léraléra láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí oògùn náà ti ń gun orí lọ. Nínú àwòrán náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ á hàn bí ẹ̀ka igi.

Ẹni tó mọ bí igi náà ti yẹ kí ó rí ni ó lè ka àwòrán yìí. Bí ẹ̀ka kan bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, nǹkan kan ń tì í. Bí ibi tí ó ti yẹ̀ bá dúdú lásán láìsí iṣan kankan nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọyún ni ó gbá jọ síbẹ̀, tàbí kókó tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fà. Bí iṣan tuntun bá hàn níbi tí kò yẹ kí iṣan wà, kókó gidi ni a fura sí. Kókó tó hù lára awọ tó bo ọpọlọ, tí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, a máa fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan awọ náà. Nínú àwòrán, yóò dà bí ìkùukùu kan tó tẹ́ rẹrẹ, tó sì pẹ́ kí ó tó ṣí. Jẹjẹrẹ tó le jù lọ nínú ọpọlọ, glioblastoma, ní iṣan tó lọ́, tó so kọ́ra, tí fífẹ̀ wọn kò dọ́gba, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń sáré gba inú wọn kọjá.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ni ewu tó wà nínú iṣẹ́-abẹ. Kókó tó ní iṣan púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn dà tán lórí tábìlì. Oníṣẹ́-abẹ ní láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú kókó, kí ó kọ́kọ́ dí ọ̀nà náà kí ó tó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ sọ ibi tí kókó wà, ó sọ irú ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́, ó sì fi ọ̀nà tí a óò gbà wọlé hàn.

Ìwádìí lórí kókó inú ọpọlọ

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn gbà pé kókó inú ọpọlọ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Ohun tí wọ́n gbé èrò yìí lé ni pé àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà kì í sábà kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn tí kò ní oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, tí kò ní ẹni tó ń ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, tí kò sì ní onímọ̀ àrùn tó ń yẹ ọpọlọ òkú wò, kò lè kọ ohun tí kò rí sílẹ̀.

Odeku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ọdún 1967, òun àti Ivan Janota tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ohun tó ń hù nínú agbárí tí a rí ní Ìbàdàn. Wọ́n kó kókó, ọyún àti àwọn ohun mìíràn tó ń gba àyè nínú agbárí pọ̀, nítorí pé aláìsàn tó wọlé kò lè sọ èyí tó ń ṣe é. Ní ọdún 1972, òun, Osuntokun, Adeloye àti A. O. Williams tẹ òmíràn jáde lórí kókó ọpọlọ àti ti àwọn awọ tó bò ó. Ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí fi hàn ni pé àwọn kókó náà wà, pé a lè dá wọn mọ̀, àti pé iye tí à ń rí ń pọ̀ sí i bí ọ̀nà tí a fi ń wá wọn ti ń dára sí i.

Èyí yí ọ̀rọ̀ padà fún aláìsàn. Bí dókítà bá ti kọ́ ọ nínú ìwé pé àrùn kan kò sí láàrin àwọn ènìyàn tó ń tọ́jú, kò ní wá a. Obìnrin tó ní kókó tó ṣeé yọ lórí awọ ọpọlọ lè padà sílé pẹ̀lú oògùn orí fífọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́. Nígbà tí a ti ní àkọsílẹ̀ láti Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kò sí àwíjàre fún irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Odeku tún kọ̀wé lórí àbùkù tí a bí mọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ọmọdé, àti lórí ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1971, òun àti Adeloye ṣàpèjúwe irú àpò omi kan tó máa ń wà lábẹ́ awọ orí àwọn ọmọ ọwọ́, lókè ibi tí orí wọn ti ń mí. Ọ̀pọ̀ ló rò tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ ni ó yọ síta. Ìwádìí náà fi hàn pé ó ṣeé yọ láìséwu, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àrùn náà nínú ìwé ìṣègùn.

Jẹjẹrẹ ibi ọmọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ

Lára àwọn ìwádìí tí Odeku bá wọn lọ́wọ́ sí ni èyí tó jáde ní ọdún 1972 lórí choriocarcinoma tó ti inú ilé-ọmọ dé ọpọlọ. Adeloye, Osuntokun àti J. P. Hendrickse, oníṣègùn àwọn aboyún, ni wọ́n jọ ṣe é.

Jẹjẹrẹ yìí ń ti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń di ibi ọmọ wá. Ó lè tẹ̀lé oyún tó bàjẹ́, oyún tí kò di ọmọ, tàbí ìbímọ tó lọ ní ìrọ̀rùn. Iṣẹ́ tí a dá sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ fún ni láti wọ ara ilé-ọmọ, kí ó já iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa bọ́ ọmọ. Nínú oyún gidi, ara ní ààlà tó fi dá wọn dúró. Bí wọ́n bá di jẹjẹrẹ, ààlà náà á fọ́, wọn á máa já iṣan ẹ̀jẹ̀ kiri. Wọ́n á tọ ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, láti ibẹ̀ wọ́n á dé ọpọlọ. Níbẹ̀ wọ́n á tún já iṣan, ẹ̀jẹ̀ á sì dà sínú ọpọlọ.

Ẹni tó dé ilé-ìwòsàn nínú irú ipò yìí sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Àìsàn rẹ̀ lè jọ rọpárọsẹ̀ tàbí wárápá. Bí dókítà kò bá béèrè nípa oyún tó ní kẹ́yìn, kò ní mọ ohun tó ń tọ́jú. Bí ó bá béèrè, tí ó sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ohun tó ń fi oyún hàn nínú ìtọ̀ á fi jẹjẹrẹ náà hàn pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi, nítorí pé láti ọdún 1956 ni a ti mọ̀ ní Amẹ́ríkà pé oògùn methotrexate lè wo jẹjẹrẹ yìí sàn, kódà nígbà tí ó bá ti tàn káàkiri. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tí oògùn nìkan lè mú kúrò. Nítorí náà, ìbéèrè kan lẹ́bàá ibùsùn lè gba ẹ̀mí ìyá ọmọ là.

Ìmọ̀ tuntun nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ

Ohun tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ìran Odeku ń rí nínú àwòrán rí ìtumọ̀ ní òpin ìgbé-ayé rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, Judah Folkman, oníṣẹ́-abẹ àwọn ọmọdé ní ìlú Boston, tẹ èrò kan jáde pé kókó kò lè dàgbà kọjá ìwọ̀n mìlímítà kan sí méjì bí kò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Sẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ kò lè rí atẹ́gùn àti oúnjẹ, yóò kú. Folkman ní kókó ń tú ohun kan jáde tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àti pé bí a bá lè dí ìpè yìí, a lè fi ebi pa kókó náà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà á gbọ́ ní àkọ́kọ́. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé iṣan tó wà nínú kókó jẹ́ iṣan àtijọ́ tó fẹ̀ nítorí ìgbóná, tàbí nítorí pé ara ń bá àrùn jà. Ó tó ọdún 1989 kí Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tó ya ohun tó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní VEGF. Oògùn bevacizumab, tó ń dí ohun yìí, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004 fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ó sì gbà á fún glioblastoma ní ọdún 2009.

Nínú ọpọlọ, oògùn náà a máa dín ìwú kù, nítorí iṣan tí jẹjẹrẹ ń hù kò lẹ̀ dáadáa, omi ń jò láti inú rẹ̀. Aláìsàn lè rí ìrọ̀rùn fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá méjì tó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé fífi í kún ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ kò mú kí ẹ̀mí àwọn tó ní glioblastoma gùn sí i. Jẹjẹrẹ náà lè wá ọ̀nà mìíràn, ó lè máa tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́-abẹ, tí Odeku mú wá sí Ìbàdàn, ṣì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ṣeé ṣe.

Ipò, ewì àti ikú

Odeku di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọdún 1968, ó sì tún ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ lẹ́yìn náà. Ó pín àkókò rẹ̀ sáàrin yàrá iṣẹ́-abẹ, kíláàsì àti ìwé kíkọ.

Ó tún jẹ́ akéwì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ewì rẹ̀ méjèèjì ni Twilight: Out of the Night, tó jáde ní ọdún 1964, àti Whispers from the Night, tó jáde ní ọdún 1969.

Àtọ̀gbẹ bá Odeku jà fún ọdún púpọ̀. Àrùn yìí pẹ̀lú a máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, pàápàá ti ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀. Ó kú ní 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ní ilé-ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni.

Ogún rẹ̀

Yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tó wà nínú ọgbà UCH, ń jẹ́ E. Latunde Odeku Medical Library. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń jókòó kàwé títí di òní. Adeloye tẹ̀síwájú pẹ̀lú ìwádìí lórí kókó ọpọlọ àwọn ọmọ Áfíríkà, ẹ̀ka tí Odeku dá sílẹ̀ sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-abẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-ìwòsàn Nàìjíríà àti ní òkè òkun.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn kò tíì tán nílẹ̀. Ní ibi tí ẹ̀rọ àwòrán kò bá sí, tàbí tí owó rẹ̀ ju agbára aláìsàn lọ, tàbí tí kò sí onímọ̀ tó lè yẹ ẹran kókó wò lábẹ́ awò, iye tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yóò kéré, a ó sì lè tún rò pé àrùn náà kò wọ́pọ̀. Láti ìgbà Odeku ni a ti mọ̀ ní Ìbàdàn pé iye kókó ọpọlọ tó wà nínú ìwé ń fi iye àwọn tí a yẹ̀ wò hàn, ju bí ó ti ń fi iye àwọn tó ní àrùn náà hàn lọ.